Ilé Tí A Kò Wó

Oníṣòwò pákó àlòkù kan ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ilé bàbá àgbà mi níye lórí. A kò tíì dá ọjọ́ tí a máa wó o. Nínú ẹbí la ṣì ti ń sọ ọ́, àfi bí ọkùnrin yìí ṣe gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun yọjú sí òkè àjà. Ó gòkè. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń fi òòlù kan àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan: kó, kó, kó. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, eruku ti bo gbogbo orí rẹ̀. Ó ní igi 34 ló wà lókè, ìrókò ni gbogbo wọn, 3 ti bàjẹ́, òun á ra ìyókù, òun á sì bá wa wó ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́fẹ̀ẹ́! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo sì ń ṣe jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wó ilé láìgba kọ́bọ̀, ó ti rí nǹkan tí èmi kò rí. Mo ní kó máa lọ ná, n ó pè é.

N kò pè é títí dòní.

Ilé amọ̀ ni. Owó kòkó ni bàbá àgbà fi kọ́ ọ ṣáájú òmìnira, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo ti sùn síbẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ilé oníbúlọ́ọ̀kù àwọn aládùúgbò wa ń gbóná bí ààrò búrẹ́dì, tí èmi sì ń wá aṣọ tí n ó fi bora ní ìdájí. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn sí ọrọ̀? Lójú wa, ilé amọ̀ ni ilé ẹni tí nǹkan kò tíì ṣẹnuure fún. Ohun tí a sì ń fẹ́ ni pé kí Iléyá ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí àlejò tó bá wa ti Ojúde Ọba bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, kí ilé tuntun ti dúró.

Orí WhatsApp ni ìpàdé ẹbí ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kánádà, tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ní òun kò ní fi owó òun kọ́ ilé tó máa ba àyíká jẹ́. Ó fi àwòrán ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ránṣẹ́: ilé onígíláàsì tí koríko hù sórí òrùlé rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣàgámù nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wo àwòrán náà, wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ránṣẹ́: "Ẹ bá mi bi í o, ṣé ewúrẹ́ wa ni yóò máa gun òrùlé lọ jẹun àárọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó ní kí n lọ ka ìlànà EDGE, èyí tí IFC, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀. Lásìkò tí mo kà á, ilé tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí wọn gbọ́dọ̀ fi ìdá 20 nínú 100 dín iná tó ń lò kù, kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí agbára tí wọ́n ti jó kí ohun èlò ìkọ́lé rẹ̀ tó di ohun èlò. Mo kà á dé ibi ohun èlò, mo sì tún ìjókòó mi ṣe. Ògiri àtijọ́ tí onílé bá lò padà, òdo ni wọ́n ń kọ síwájú rẹ̀. Agbára tí a fi mọ ọ́n, a ti ná an tipẹ́. Kò sí gbèsè kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo jókòó ń wá oríṣi ohun èlò tuntun tó dára kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbójú sókè wo ògiri tí mo fẹ̀yìn tì.

Ó ku Bàbá Ṣàgámù. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi jẹun. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti Ṣàgámù tẹ̀lé e ní 1978, Bàbá sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀. Mo lọ bá wọn nílé kí n lè fọgbọ́n tù wọ́n. Àwọn ni wọ́n wá kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á dà á sínú ààrò gbọọrọ kan tó ń yí láìdúró, ooru inú rẹ̀ sì máa ń tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí wọ́n fi ń dáná ń rú èéfín. Ìyẹn yé mi. Èyí tí n kò mọ̀ ni pé òkúta náà fúnra rẹ̀ ń tú kábọ́ńdáọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé gbóná sí i, sílẹ̀ bí iná ṣe ń mú un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, kò sì sí irú iná tí wọ́n lè dá tí kò ní jáde. Bí a bá pín gbogbo kábọ́ńdáọ́ksáídì tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, ti sìmẹ́ńtì nìkan tó 7 tàbí 8.

Mo ní, "Ẹ ò rí i, Bàbá? Ẹ̀yin gan-an ti gbè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èéfín yẹn ló rán ọmọ mi mẹ́rin lọ sí yunifásítì. Òun ló san owó ìdánwò tìrẹ náà, bóyá bàbá rẹ kò sọ fún ọ ni. Má jẹ nínú rẹ̀ tán kí o wá máa bú u."

N kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ yẹn. N kò tíì rí i.

Ohun tí mo rí sọ ni pé amọ̀ kì í yára bàjẹ́ bí wọ́n ṣe rò. Mo rán wọn létí Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju kìlómítà 160 lọ. Ibòmíràn wà tí ìsàlẹ̀ yàrà sí orí odi tó mítà 20. Ilẹ̀ pupa wa yìí náà ni, kò sí búlọ́ọ̀kù kan nínú rẹ̀, kò sí irin, ẹgbẹ̀rún òjò ti rọ̀ lé e lórí, ó ṣì dúró ṣánṣán láàárín igbó. Bàbá ní ta ló ń gbé inú yàrà? Ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a dán ilé náà wò.

Omi ni ọ̀tá ilé amọ̀, àwa la sì fi ọwọ́ ara wa há omi mọ́ inú ilé yìí. Ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, ẹnìkan nínú ẹbí (n kò ní dárúkọ wọn, wọ́n ṣì wà láyé) pe bíríkìlà pé kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ilé, kó lè rí bíi ti ìlú ńlá. Ó dán fún ìgbà díẹ̀. Amọ̀ máa ń mu omi lára ilẹ̀ àti lára òjò, atẹ́gùn á sì tún gbà á lára rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bò ó kò jẹ́ kí omi náà ríbi jáde mọ́. Amọ̀ wú sínú, sìmẹ́ńtì là, omi òjò gba ojú ibi tó là wọlé, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí a ṣí sìmẹ́ńtì náà kúrò, odindi pátákó rẹ̀ ń já bọ́ bí èèpo ẹyin tí a sè, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ibi tí wọn kò rẹ́ rárá, lẹ́yìn ilé, níbi tí etí òrùlé ti gùn síta, ló le jù.

Bíríkìlà wa kò mọ amọ̀. Ọmọkùnrin tó mọṣẹ́ ni, bó bá di búlọ́ọ̀kù àti dékíǹ, ṣùgbọ́n ó bu amọ̀, ó da omi sí i, ó sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíá bíi sìmẹ́ńtì. Kò pé ọjọ́ méjì tó fi là yẹ́ríyẹ́rí. Ìyá àgbà kan tó wà ní ojúlé kejì ló gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú ilé wa lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n jókòó, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kó sùn."

Amọ̀ a máa sùn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ ó rin ín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fi ewé bò ó, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò tó máa fà bí iyán. Ìyá ní kí a gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i kó má baà là, kí a fi yanrìn kún un, kí ti òde sì ní ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ nínú. Bíríkìlà wa yínmú. Ìyá ní ọmọ tí a fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́lé fún kì í rùn, ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń rùn. Gbogbo àwọn lébìrà ló dùbúlẹ̀ fẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wá láràárọ̀, wọn kò gba ju oúnjẹ àti aṣọ kan lọ lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, wọ́n á mọ ibi tí kò tíì gbẹ. Mo gbìyànjú láti kọ ọ́ sínú ìwé, iye garawa èyí sí iye garawa tọ̀hún, ó sì ń yí padà lójoojúmọ́ nítorí ilẹ̀ tí a ń wà kò dọ́gba. Mo pa ìwé dé.

Ẹ̀yìn ilé la ní láti kọ́ ní tuntun: ilé ìdáná, balùwẹ̀ méjì, yàrá àlejò kan. Ìyẹn bọ́ sí àsìkò tí sìmẹ́ńtì gbówó lórí, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tí àpò kan kọjá ₦10,000 lọ́pọ̀ ibi, nítorí náà n kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó gba búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ gbọ́. Kò jẹ́ ohun tuntun. Ọmọ ilẹ̀ Ṣílè kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kòlóńbíà, Raúl Ramírez, ló ṣe ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó sọ irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ayé láwọn ọdún 1950, èyí tí wọ́n ń pè ní Cinva-Ram. Lọ́dọ̀ tiwa, NBRRI, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe, tó ní ibi iṣẹ́ ní Ọ̀tà, ti ń polongo rẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó yá wa ní ẹ̀rọ ní ilẹ̀ tó bá ti pupa, ó ti tó. Mo gbà á gbọ́. A tẹ 400, a tò wọ́n sójú oòrùn kí wọ́n lè tètè gbẹ, mo sì ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí Kánádà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bí ẹ bá gbé wọn, ìdajì á wà lọ́wọ́ yín, ìdajì á wà nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ kọjá erùpẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀. Ẹ ó bu èyí tó wà nísàlẹ̀ sínú ìgò funfun kan dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ ó pọn omi kún un, ẹ ó ju iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó mì ín dáadáa, ẹ ó sì gbé e kalẹ̀. Yanrìn ló máa kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó ka ọgọ́ta. Erùpẹ̀ kúnná á tẹ̀lé e. Amọ̀ gan-an ló máa kẹ́yìn, ó lè di ọjọ́ kejì kí omi tó tòrò. Ẹ ó wá rí wọn ní ìpele ìpele. Yanrìn ló yẹ kó pọ̀ jù. Tiwa, amọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ìgò. Amọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á wú bó bá mu omi, á sún kì bó bá gbẹ, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá a wí. A ra yanrìn kún un. A fi ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 sí ìwọ̀n ilẹ̀ 14, a tẹ̀ ẹ́, a gbé e síbòòji, a fi ọ̀rá bò ó, a sì ń wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó di ọjọ́ 28 kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Bíríkìlà wa ní, "Àǹtí, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì onínáìnì ì bá ti dé òrùlé báyìí." Òótọ́ ló sọ. 400 àkọ́kọ́ yẹn, a fọ́ ọ, a fi kún abẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná. Owó mi wà níbẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí igi. Ojú títì ni ilé wa wà. Lóru, mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ agégedú tó ń ti ọ̀nà J4, ibùdó kan nínú Igbó Ọmọ̀, bọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gẹdú mẹ́ta péré ló ń kún ọkọ̀ kan. Ní báyìí, igi tí wọ́n ń kó jọ sẹ́yìn ọkọ̀ kò ju itan ènìyàn lọ. Igbó Ọmọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Igi ìrókò 34 tó wà lórí wa kò lè wá láti ibẹ̀ mọ́, kódà bí mo bá ní owó rẹ̀.

A sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Oníṣòwò ní 3 ló bàjẹ́. Nígbà tí káfíńtà fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún wọn nídìí níbi tí wọ́n ti wọ inú ògiri, 5 la bá. Èyí tó dára á dún kó, ọ̀bẹ kò ní wọlé. Èyí tí ikán ti jẹ á dún bọ̀ọ̀, bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Onísọ́ọ̀mìlì méjì kọ̀ wọ́n fún mi: ìṣó kan ṣoṣo tó bá farapamọ́ sínú igi àtijọ́ lè ká gbogbo eyín ayùn wọn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi yọ ìṣó. Èyí tí a kò rí, òkúta mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ ló bá wa wá a. Igi 21 padà sórí òrùlé, 8 di ìlẹ̀kùn àti tábìlì ìdáná. Káfíńtà fẹ́ fi epo ẹ́ńjìnì ògbólógbòó kùn wọ́n nítorí ikán. Mo kọ̀, kànga wa kò jìnnà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti pè ní àlòkù ló mọ́. Ọ̀pá irin tí a fi ṣe líńtẹ̀lì ẹ̀yìn ilé, irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n yọ́ fi ṣe é, bíi ti ọ̀pọ̀ irin tó wà lọ́jà wa, inú mi sì dùn sí i, bí mo tilẹ̀ ní láti fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n kó má jẹ́ pé mílímítà 12 tí wọ́n tà fún mi ò pé 12. Ṣùgbọ́n Ògìjó ńkọ́? Rẹ́mọ níbí ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń yọ òjé inú bátìrì ògbólógbòó, ní 2025 sì ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníròyìn ṣètò bá òjé lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí wọn, tọmọdé tàgbà. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní sísọ àlòkù dọ̀tun. Ẹ̀gbọ́n ti ra sólà ránṣẹ́ nígbà náà. Mo bi ẹni tó wá tò ó pé bí bátìrì yìí bá kú, ta ló máa gbé e, ibo ló sì ń gbé e lọ? Ó ní kò tíì sí oníbàárà tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Líthíọ̀mù la padà rà, ó wọ́n, ó máa pẹ́ ju èyí tó ní òjé nínú lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀ dè é.

Àwọn ọmọ ilé fẹ́ kí a fi ike omi kọ́ balùwẹ̀ kan, bí irú ilé tí wọ́n kọ́ ní Yelwa ní Kàdúná ní 2011, tí wọ́n rọ yanrìn kún inú ike. Ó wuyì ní fọ́tò. Mo ní rárá: lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wó o, ike, yanrìn àti sìmẹ́ńtì ti di ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè tú wọn ká mọ́. A fi èésan, èèpo ẹkùrọ́ tí àwọn tó ń fọ epo ń dà nù, tẹ́ àgbàlá. Òjò rọ̀, ẹsẹ̀ mọ́, ó parí.

Ó ku àjà. Abẹ́ àwọn igi ìrókò yẹn ni pátákó asbestos wà ní gbogbo yàrá, 46 ni wọ́n, wọ́n funfun, wọ́n dúró digbí, oníṣòwò àlòkù kan tilẹ̀ fẹ́ rà wọ́n fún ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ ni ewu. Bí ó bá fọ́, yóò fò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí jẹjẹrẹ tó yọjú. A fi omi rin wọ́n, a fi aṣọ bo imú, a tú ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́ wọn, a fi ọ̀rá dúdú dì wọ́n ní ìlọ́po méjì. Mo pe ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kí n pe òmíràn. Òmíràn ní kí n sin wọ́n síbi tó bá wù mí. Awakọ̀ kan ní òun á bá mi kó wọn; nígbà tí mo bi í pé ibo, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù àtijọ́ tí mo fi òkúta tẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, ilé kún, àwọn àlejò ń fọwọ́ pa ògiri amọ̀ tí Bàbá Ṣàgámù ń mú wọn káàkiri fi hàn, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n mọ ọ́n. Ọmọ ọmọ wọn kan sáré lọ sẹ́yìn, ó fẹ́ gbé òkúta náà, ó ní kí ló wà nínú ọ̀rá. Mo fẹ́ kígbe, Bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọ́n fà á lọ́wọ́ kúrò.

"Àjà tí mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà fún bàbá mi ni. Má débẹ̀ mọ́."